Jíìpù oníná oníjókòó méje: níbo ni yóò ti máa jẹun?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún láàárín wa, ó dá mi lójú pé ẹ rántí Peugeot 504 onílà mẹ́ta, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí stéṣọ̀n wágọ̀n. Lọ́dún 1975 ni iléeṣẹ́ tó ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi gba gbogbo gáréèjì kan. Ẹni tó bá pẹ́ dé gáréèjì nígbà náà, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló máa bá. Yóò ká orúnkún mọ́ àyà títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀, bó bá sì sọ̀kalẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ dúró na ara kó tó lè gbẹ́sẹ̀.

Ìdí tí mo fi dárúkọ ọkọ̀ àtijọ́ yìí ni pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti wà níta báyìí. Peugeot E-5008 lorúkọ rẹ̀. Jíìpù ni, ó ní ìjókòó méje, ṣùgbọ́n kò mu bẹntiróòlù, kò sì mu dísù. Iná mànàmáná ló ń jẹ. Lọ́dún 2024 ló bọ́ sọ́jà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà nílùú Ọba ló sì ń béèrè rẹ̀, nítorí wọ́n ní òun ló rọjú jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára wọn. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ kẹrin lọ́dún 2025, èmi àti Màmá wa sì lọ bá wọn gbé ọmọ jó ní London. Ọkọ̀ oníjókòó márùn-ún ni wọ́n ní. Tọkọtaya jẹ́ méjì, ọmọ jẹ́ mẹ́rin, Màmá ló ṣìkeje. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, bí wọ́n bá ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ló máa ń sọ pé orúnkún ń dun òun, kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ tí mo rí i tí wọ́n jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lọ, mo mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún nìkan ló ń dùn wọ́n. Ìdí nìyí tí àbúrò mi fi fẹ́ ra ọkọ̀ yìí. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ sí ti wà nínú báàgì rẹ̀.

N kì í ṣe mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣùgbọ́n orúnkún àgbà, ọrùn ọmọ ọwọ́, ìbàdí àti ikọ́ fée, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni gbogbo wọn. Mo ní kí a jọ lọ wò ó kó tó fọwọ́ síwèé. Ohun tá a kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra irú rẹ̀ àti ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ọmọ fẹ́ rà á nítorí yín.

OWÓ RẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí E-5008 dé ọjà ìlú Ọba, èyí tó kéré jù nínú wọn lé ní £48,000. Ohun tó mú kí wọ́n máa sọ pé ó rọjú ni iye tí wọ́n ń ta àwọn yòókù. Kia EV9, tí òun náà jẹ́ oníná tó ní ìlà mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi £65,000. Ẹni tó bá gbé ẹran màlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran erin, màlúù yóò kéré lójú rẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé màlúù ò wúwo.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó ìjọba. Lóṣù July 2025, ìjọba ìlú Ọba gbé owó ìrànwọ́ tó lè tó £3,750 kalẹ̀ fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná tuntun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò ju £37,000 lọ ni wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ tá à ń sọ yìí ti fò ó kọjá. Láti April 2025 ni ọkọ̀ oníná náà ti ń san owó ojú pópó, ìjọba sì kéde ní November 2025 pé láti April 2028, àwọn ọkọ̀ oníná yóò máa san pẹ́ńsì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rìn. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ kún ìṣirò yín.

Tokunbọ̀ ńkọ́? Ó wà. Mercedes EQB kan wà tí wọ́n ṣe ìlà kẹta sí, ó sì ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó béèrè bí bátìrì rẹ̀ ṣe lágbára tó kù, kó sì béèrè iye ọdún tó kù lórí ìdánilójú rẹ̀. Ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, ni iléeṣẹ́ Peugeot fọwọ́ sọ̀yà fún bátìrì tiwọn. Bátìrì ni ọkàn ọkọ̀ yìí. Ẹ kì í ra ẹran láìwo ẹnu rẹ̀.

TA NI YÓÒ JÓKÒÓ SÍBO?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè rèé. Wọ́n ń ka ìjókòó, wọn ò ka èèyàn. Ìlà kẹta nínú ọ̀pọ̀ jíìpù oníjókòó méje, ti ọmọdé ni. Iléeṣẹ́ Mercedes fúnra wọn sọ nípa EQB pé ẹni tí kò bá ga ju mítà 1.65 lọ ni ìlà ẹ̀yìn wà fún. Ti E-5008 náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Ọmọdé á gbádùn rẹ̀, àgbàlagbà á kàn fara dà á fún ìgbà díẹ̀ ni.

Mo ní kí àbúrò mi kó gbogbo ìjókòó àwọn ọmọ rẹ̀ dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Sísí mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n kó ilé wá ni?”

“Kó o wá,” ni mo dá a lóhùn. “Inú ọkọ̀ ni wọ́n á máa gbé.”

Ibẹ̀ la ti rí nǹkan. Kí ọmọ tó lè wọ ìlà kẹta, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ìjókòó kan nínú ìlà kejì síwájú. Bí ẹ bá ti de ìjókòó ọmọ ọwọ́ mọ́ apá ọ̀tún, tí ẹ sì de ti ọmọ ọdún mẹ́rin mọ́ apá òsì, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ìjókòó méjì wà lẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè débẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tú ọ̀kan. A tò ó, a tún un tò, ó tó ìdajì wákàtí. Níkẹyìn, a de ti ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn awakọ̀, a gbé ti ọmọ ọdún mẹ́rin sáàárín, a fi apá òsì tó kọjú sí ẹsẹ̀ títì sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá àti ọmọ ọdún méje gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn, ìyá wọn ló sì máa wọlé kẹ́yìn. Màmá bọ́ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Méje pé.

Àmọ́ níbo ni kẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun máa wà? Bí ìlà kẹta bá ti nà ró, ibi ìkẹ́rù á kéré. Ẹni tó fẹ́ kó èèyàn méje lọ sí òde ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú kúlà méjì àti ìkòkò ìrẹsì, kó yáa wá ibòmíì tí ẹrù yóò gbà. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ yín dání lọ síbẹ̀ náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọrùn ọmọ ọwọ́ kò tíì le, orí rẹ̀ sì wúwo púpọ̀ fún ara rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó máa kọjú sẹ́yìn nínú ọkọ̀, ó kéré tán títí yóò fi pé oṣù 15. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gba ipá náà, kì í ṣe ọrùn nìkan. Ẹ má ṣe gbé e síwájú níbi tí báàgì afẹ́fẹ́ kò bá ti sí ní pípa, nítorí agbára tí báàgì yẹn fi ń tú jáde lè pa ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ ju wákàtí méjì lọ lórí ìjókòó náà láìgbé e jáde. Ní ti àwọn tó dàgbà díẹ̀, òfin ìlú Ọba sọ pé ọmọdé gbọ́dọ̀ lo ìjókòó tó bá a mu títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá yá.

ẸSẸ̀ ÀGBÀ ŃKỌ́?

Ohun tó dára lára jíìpù ni pé ìjókòó rẹ̀ ga díẹ̀. Ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀ jù, àgbà á já lulẹ̀ sínú rẹ̀ ni, dídìde á sì di ogun. Èyí tó bá ga jù náà, àfi kéèyàn gùn ún bí àkàbà. Ẹ jẹ́ kí Màmá tàbí Bàbá fúnra wọn lọ gbìyànjú rẹ̀. Ibi tó dára jù ni kí ìjókòó náà ṣe déédéé pẹ̀lú ìbàdí wọn. Kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ wá ìjókòó, kí wọ́n jókòó ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ṣe bí wọ́n bá ń jáde. Ẹ má ṣe fi àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn sí ìlà kẹta láéláé, ì báà ṣe ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ìrìn bá jìn, ẹ dúró ní wákàtí méjì méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan ní ẹsẹ̀ lè dì, bó bá sì gbéra dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè gbẹ̀mí èèyàn. Níbi tí ọkọ̀ oníná ti ṣe wá lóore nìyí, torí ó di dandan kó dúró jẹun. Iléeṣẹ́ náà sọ pé bí E-5008 bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ alágbára, yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 láti gbéra ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dé ìdá 80. Àkókò yẹn gan-an ni kí Màmá sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n rìn síwá sẹ́yìn, kí wọ́n mu omi.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí awakọ̀ ọkọ̀ oníná bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọkọ̀ náà a máa fa ara rẹ̀ sẹ́yìn láti dá iná padà sínú bátìrì. Ìfà yẹn a máa rin àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn lọ́kàn, wọ́n sì lè bì. Awakọ̀ lè dín in kù. Kó dín in.

ÌBÉÈRÈ MÀMÁ

Lẹ́yìn tá a ti to gbogbo èèyàn tán, inú àbúrò mi ti ń dùn, ó ti ń wá bírò. Màmá jókòó níwájú, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, wọ́n wò yíká, wọ́n ní:

“Àkànní, ọkọ̀ yìí dára. Ṣùgbọ́n lálẹ́, ibo lo máa so ó mọ́? Kí ló sì máa jẹ?”

Gbogbo wa dákẹ́. Fúláàtì òkè kẹta ni àbúrò mi ń gbé. Kò ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì níbi tó bá ti rí àyè ló ń gbé ọkọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò tí mo ṣe fún un nínú ọkọ̀ yẹn. Bátìrì E-5008 tó kéré jù gba yúníìtì iná 73. Iléeṣẹ́ náà ní yóò rin nǹkan bíi 310 máìlì, ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ojú ọjọ́ tó dára àti ìwakọ̀ jẹ́jẹ́. Bí òtútù bá dé, tí èèyàn méje wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ amóoru ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sí máìlì 3 lórí yúníìtì kan. 219 máìlì nìyẹn.

Ẹni tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí, tó gbé ẹ̀rọ ìṣáàjì mọ́ ara ògiri, tó sì bá àwọn oníná ṣàdéhùn owó òru ní nǹkan bíi pẹ́ńsì 8 lórí yúníìtì, owó tó máa fi rin 219 máìlì yẹn kò ní tó £6. Bó bá jẹ́ owó iná ilé tó wà fún gbogbo ayé, nǹkan bíi pẹ́ńsì 26, á tó £19. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tó tó bẹ́ẹ̀ á jó nǹkan bíi lítà 28, bí lítà bá sì jẹ́ £1.35, £38 nìyẹn. Ẹni tí kò nílé tó lè so ó mọ́, tó jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ alágbára níta ló ti ń jẹ ní nǹkan bíi pẹ́ńsì 76, yóò san £55. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí iná ilé jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹ̀rọ ìta jẹ́ ìdá 20.

Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ kan náà ni, bátìrì kan náà ni. Lọ́wọ́ ẹnì kan ó jẹ́ £6, lọ́wọ́ ẹnì kejì ó jẹ́ £55, ó wá wọ́n ju bẹntiróòlù tí à ń sá fún lọ. Bó bá ń kún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìyàtọ̀ náà lé ní £2,500 lọ́dún. Owó yẹn gan-an ni ẹni tó ń tajà kì í mẹ́nu bà.

Ẹ má sì gbìyànjú láti fa wáyà láti ojú fèrèsé sọ̀kalẹ̀ sí títì. Mo ti tọ́jú àwọn ìyá àgbà tí ìbàdí wọn kán nítorí pé nǹkan kékeré gbé wọn lẹ́sẹ̀, òmíràn nínú wọn kò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Wáyà tó dábùú ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lálẹ́, pàkúté ni. Ẹ má lo wáyà àfikún tí à ń fi sí fáànù. Ẹ lọ bá káńsù yín, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ìṣáàjì wà lára òpó iná àdúgbò yín, tàbí bóyá wọ́n lè la ojú ihò fún wáyà lábẹ́ ọ̀nà.

ÈÉFÍN ÀTI ÀYÀ

Ǹjẹ́ ọkọ̀ oníná wúlò fún ìlera? Ó wúlò. Ní Lewisham, gúúsù ìlà-oòrùn London, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ella Adoo-Kissi-Debrah. Ẹ̀gbẹ́ títì ńlá kan tí ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ikọ́ fée pa á ní February 2013, ọmọ ọdún 9 ni. Ní December 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí wà lára ohun tó fa ikú rẹ̀. Ọkọ̀ oníná kì í tú èéfín sí imú ọmọ. Ẹ̀tanú kọ́, àmọ́ táyà rẹ̀ ṣì ń gbọn eruku bíi ti ọkọ̀ yòókù, nítorí náà kò tíì mọ́ tán.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà, mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè máa bà yín. Àwọn oníṣègùn ní Jámánì yẹ èèyàn 130 tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ alágbára ṣáàjì ọkọ̀, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Ẹ̀rọ àyà ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dàrú. Síbẹ̀, ẹ má gbé wáyà náà lé àyà tàbí èjìká, ẹ sì má dúró tì í lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti so ó tán.

ẸNI TÓ FẸ́ GBÉ E WÁLÉ

Àwọn kan ti ń béèrè bóyá kí ọmọ wọn fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ti ìlú Ọba, apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ láti 1972 ni àwa ti kúrò nínú irú ìwakọ̀ yẹn. Nígbà tí owó iná Band A bẹ̀rẹ̀ ní April 2024, N225 ni yúníìtì kan, ó sì ti yí padà láti ìgbà náà. Lórí N225, bátìrì yìí á gba N16,425 kó tó kún. Kì í ṣe owó yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé fáànù kò lè bọ́ ọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán sì lè lò ju wákàtí 30 lọ lórí rẹ̀. Bó bá bà jẹ́, ta ni yóò tú bátìrì rẹ̀? Ẹ ní kí ọmọ yín ní sùúrù.

ÈWO LẸ WÁ MÚ?

Ẹni tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀, tí ọmọdé ló máa jókòó sẹ́yìn, tí kì í rin ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì lójoojúmọ́, E-5008 yóò ṣe é lóore. Ẹni tí kò ní ibi tó máa so ó mọ́, kó wá ibẹ̀ kó tó wá ọkọ̀.

Àbúrò mi ká ìwé náà, ó dá a padà sínú báàgì. Ó ti kọ̀wé sí káńsù, ó sì ti ń wá ilé tó ní àyè níwájú. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú mi, Màmá ló jókòó síwájú nínú ọkọ̀ àtijọ́ wọn. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ Màmá pé kí wọ́n má bínú, ọkọ̀ ńlá ṣì ń bọ̀.

“Mo lè dúró,” ni Màmá wí. “Kí n ṣáà má dúró sínú gbèsè rẹ.”

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.